Akọni Mẹ́fà, Iṣẹ́ Ẹnì Kan: Bí Ìtẹ̀jáde Kẹrin Kọ́míìkì Wa Ṣe Forí Ṣánpọ́n

Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ ló kọ́kọ́ dá tirẹ̀ padà. Ọjọ́ Sátidé ni, nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ó gbé kọ́míìkì náà ka orí káńtà ẹ̀gbọ́n tó ń bá wa tà á nítòsí gééètì gúúsù FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ó ṣí i sí ojú ewé 15, ó sì fi ìka tẹ àwòrán kan.

“Bọ̀dá, ìbejì dúró pọ̀ níbí.”

Ẹ̀gbọ́n ní kí ló wá burú nínú kí ìbejì dúró pọ̀.

Ọmọ náà wò ó bí ẹni ń wo àgbàlagbà tó wọ bàtà lódì. “Wọn kì í dúró pọ̀ o. Bí Táíwò bá ti yọ, Kẹ́hìndé á pòórá. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́.”

Ó gba ₦1,000 rẹ̀, ó sọdá títì, ó lọ ra ẹ̀wà àgànyìn. Kí oṣù náà tó parí, mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n ti gbà padà. Ìyẹn kì í ṣe ohun tó dùn mí jù. Èyí tó dùn mí ni ti àwọn tí kò dá a padà, tí wọ́n kàn ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, tí wọn kò béèrè ìgbà tí karùn-ún máa jáde.

Mẹ́rin ni wá. Èmi ni mo ń kọ ìtàn. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan lápá Òkè-Àró. Ayàwòrán wa ń kàwé lọ́wọ́ ní FUTA. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń fi kọ̀ǹpútà kun àwọ̀, òun náà ló sì ń to ọ̀rọ̀ sínú àwọn àpò funfun tó ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn inú àwòrán. Ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ni ọlọ́jà wa. Kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù. Owó tí èyí bá mú wọlé la fi ń tẹ èyí tó ń bọ̀, Ṣómólú l'Ékòó la sì ti ń tẹ̀ ẹ́, nítorí ibẹ̀ làwa ti rí iye tí apá wa ká. Wọ́n á dì í sí páálí, wọ́n á fi ṣe wáyíbìlì, awakọ̀ á gba Ìbàdàn àti Iléṣà gbé e wá bá wa ní gáráàjì.

Áktọ̀ mẹ́fà ló wà nínú ìtàn náà. Áktọ̀ làwa ń pè wọ́n láti kékeré: ẹni rere inú fíìmù ni áktọ̀, ọ̀tá rẹ̀ ni bọ́sì, gbogbo ọmọ àdúgbò ló sì mọ̀ pé áktọ̀ kì í kú. Ọ̀kan jẹ́ ọlọ́kadà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ọkadà rẹ̀ lọ. Ọ̀kan jẹ́ ìyá eléwé ọmọ ní Ọjà Ọba, tó gbọ́ èdè ẹyẹ. Alágbẹ̀dẹ kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ ń di irin. Ọmọbìnrin kan wà tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú àpáta. Àwọn ìbejì ló ku méjì, àwọn tí ọ̀kan kì í hàn níwọ̀n ìgbà tí èkejì bá wà lójú.

Ìtẹ̀jáde kẹta ló mú orí wa wú. Orí Òkè Ìdànrè la gbé e kà. Àwọn olè kan kó ẹrù ìlú pamọ́ sínú ihò. Ọmọbìnrin elétí ló gbọ́ wọn lábẹ́ òkúta. Ìyá eléwé ọmọ rán ẹyẹ lọ ṣe alóre. Ọlọ́kadà sáré gun àtẹ̀gùn òkè náà, tó ju 600 lọ, ó lọ dí ojú ọ̀nà. Táíwò gba iwájú wọlé, wọ́n ń lé e kiri, láìmọ̀ pé bó bá ti yà sí kọ̀rọ̀ báyìí, Kẹ́hìndé ni yóò yọ lẹ́yìn wọn. Alágbẹ̀dẹ ńkọ́? Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló fà ya látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Oníbàárà kan sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ilẹ̀kùn yẹn tẹ́ òun lọ́rùn ju ìjà fíìmù lọ, nítorí pé òun ti ń retí rẹ̀ láti ojú ewé kẹta. 300 la tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi tán.

Nígbà tí kẹrin wá kàn, a ní ó gbọ́dọ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀. Ọdún Kérésìmesì ń bọ̀, àwọn ọmọ á lówó lọ́wọ́. A pinnu láti tẹ 500. Èmi náà lọ jókòó, mo ronú bọ́sì tó máa gbọn ìlú: ẹ̀rọ kan já láti ojú ọ̀run, ó bà sí Alágbàká láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, ó sì ń fa gbogbo iná ìlú mu. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. Nínú ìlú wa yìí, ta ni iná tó lọ máa bà lẹ́rù? Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́yìn náà pé báwo làwọn ará Àkúrẹ́ inú ìwé náà ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ ni.

Ojú ewé méje àkọ́kọ́ ni mo fi kó áktọ̀ jọ. Ọlọ́kadà ń já èrò sílẹ̀, iná lọ. Ìyá ń ká ewé, iná lọ. Alágbẹ̀dẹ ń lu irin, iná lọ (ta ló sọ pé ewìrì ń fẹ́ iná mànàmáná?). Ọ̀rọ̀ kan náà ni kálukú ń sọ: “Àkókò ti tó!” Láti ojú ewé 8 dé 12, wọ́n rìn lọ sí Alágbàká, wọ́n dúró, wọ́n wo ẹ̀rọ. Àwòrán náà lẹ́wà o. Ayàwòrán wa ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ojú ewé méjìlá yẹn, àbúrò rẹ̀ sì ti kun ún tán, tí aṣọ alágbẹ̀dẹ ń dán bí ìdẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò FUTA dé, ibà sì dì í mú. Kò lè yàwòrán mọ́ títí oṣù fi máa parí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gbé Oǹdó, pátákó ṣọ́ọ̀bù àti àwòrán ọlọ́jọ́ ìbí ló ń yà jẹun. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n. A pè é, ó gbà, ó sì ya ojú ewé mẹ́jọ tó kù láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kì í ṣe ohun tuntun pé kí ẹlòmíràn bá ayàwòrán dí àyè. Àwọn ilé iṣẹ́ kọ́míìkì Amẹ́ríkà tí ìwé wọn ń jáde lóṣooṣù ti ń ṣe é tipẹ́, nítorí ọjọ́ ìtẹ̀wé kì í dúró de aláìsàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yàtọ̀ sí ọwọ́. Láti ojú ewé 13, imú alágbẹ̀dẹ yí padà, ìyá eléwé ọmọ ju ọgbọ̀n ọdún sílẹ̀, ìbejì sì dúró pọ̀. Ojú ewé 18 ni alágbẹ̀dẹ gbá ẹ̀rọ ní ìkúùkù kan. Ó tán. Wọ́n yọ̀, ìlú yọ̀, iná dé.

A kó ìwé dé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá. Nígbà tí oṣù Kejì fi máa parí, 140 péré ló tà nínú 500, àwọn tí wọ́n dá padà kò sí nínú rẹ̀. Olùkọ́ obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ra ọ̀kan nítorí tèmi. Mo béèrè bó ṣe rí i. Ó ní, “Ẹ má bínú o, ó jọ fọ́tò ìgbéyàwó. Ẹbí ọkọ dúró, ẹbí ìyàwó dúró, gbogbo wọn ń wo kámẹ́rà.”

Ní ìpàdé wa, ọ̀rọ̀ ò pẹ́ rárá. Ta ló ya ìbejì pọ̀? Ọmọ Oǹdó. Ta ló yí imú alágbẹ̀dẹ padà? Ọmọ Oǹdó. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ jáde pé iṣẹ́ àgbàṣe ló pa wá. Ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù níṣojú wa, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mi ò rí ti àkọ́kọ́ kà ni.” A dárí jì í. Ó ń tì mí lójú láti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀: a dárí jì í.

Oṣù méjì ni mo fi ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Màmá mi ló ba ẹjọ́ náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Òǹkàwé Atọ́ka ni màmá mi. Àwọn tó dàgbà á rántí ìwé ìròyìn náà: eré àwọn òṣèré tíátà Yorùbá ni, tí wọ́n fi fọ́tò tò lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀rọ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ó ṣì ní díẹ̀ nínú àpótí, àwọn èyí tó rà láyé ọ̀dọ́bìnrin rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, etí wọn ti ṣá. Mo mú ìwé wa kẹrin lọ fún un pé kó fi ṣeré. Ó fi awò sójú, ó ṣí i látòkè délẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún ṣí i.

“Ìyá eléwé ọmọ yìí,” ó ní, “kí ló wá ṣe?”

Mo ní ó wà lára wọn ni.

“Mo rí i pé ó wà lára wọn. Kí ló ṣe?”

N kò rí èsì fọ̀. Ó fa Atọ́ka kan yọ, ó ní kí n wò ó. Ó ní fíìmù kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn, owó gọbọi ni. Kò sẹ́ni tí wọ́n á fi fíìmù yà kó kàn dúró lásán. Bí o bá rí ìránṣẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba, tí ó gbé abẹ̀bẹ̀ dání, kí eré tó parí abẹ̀bẹ̀ náà á sọ̀rọ̀.

Mo padà sílé, mo mú bírò pupa. Àwòrán 94 ló wà nínú ojú ewé 20 wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tirẹ̀. Mo ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan orúkọ ẹni tó ṣe ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà níbẹ̀. Ìdúró kò wọlé, ìrìn kò wọlé, “Àkókò ti tó!” kò wọlé. Alágbẹ̀dẹ ní 11. Ọlọ́kadà ní 3. Ìbejì ní 2 láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọbìnrin elétí kò ní nǹkan kan. Ìyá eléwé ọmọ náà kò ní nǹkan kan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìtẹ̀jáde kẹta: ẹni tó kéré jù níbẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ, 4 ló ní, ìyá ní 7.

Mo tún wá wo ibi tí kíkà náà pín sí. Nínú ojú ewé 12 àkọ́kọ́, èyí tí ayàwòrán wa gan-an yà, tí gbogbo wa ń yìn, ẹyọ méjì péré ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Gbogbo ìyókù wà nínú mẹ́jọ tí ọmọ Oǹdó yà. Ọmọ tí a dárí jì ló ru ìwọ̀nba ìtàn tó wà níbẹ̀.

Mo wá lọ ṣí ohun tí mo kọ́kọ́ kọ, kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé 24 ni.

Owó bébà ti gòkè láàárín ìgbà tí a tẹ kẹta àti ìgbà tí a fẹ́ tẹ kẹrin. Atẹ̀wé sọ iye tí 24 máa jẹ́ fún 500, apá wa kò ká a. Ẹni tí kò bá tẹ ìwé rí lè sọ pé kí n yọ ojú ewé kan tàbí méjì. Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi sitẹ́púlà kàn láàárín, bébà tí a ká sí méjì ló wà nínú rẹ̀, bébà kan sì ń fúnni ní ojú ewé mẹ́rin. Bí kò bá jẹ́ 24, 20 ni. (Àwọn ará Amẹ́ríkà náà kò bọ́ nínú ìṣirò yìí, ìpolówó ni wọ́n fi ń dí àyè tí ìtàn kò bá kún.) Mo jókòó lóru ọjọ́ kan, iná kò sí, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó, mo gé mẹ́rin.

Èwo ni mo gé? Ojú ewé 1 dé 12 ti wà ní yíyà, ó ti ní àwọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Ta ló máa gé aṣọ tó ń dán bí ìdẹ? Ojú ewé 13 dé 16 kò tíì sí lórí bébà, ọ̀rọ̀ lásán ni. Mo gé wọn. Mo gé èyí tí wọn kò tíì yà, n kò gé èyí tí kò ṣiṣẹ́.

Ohun tó sì wà nínú mẹ́rin yẹn nìyí. Ọmọbìnrin elétí fi etí sílẹ̀, ó gbọ́ pé ẹ̀rọ náà ní imú kan tó fi ń mí, ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde. Ó fi han ìyá. Ìyá fọn fèrè lẹ́nu, ó pe ẹyẹ ẹ̀gà ìlú jọ. Ẹni tó bá ti rí igi tí ẹ̀gà sọ́lẹ̀ sí mọ̀ bí wọ́n ṣe ń hun koríko, tí wọn kì í sinmi, tí wọn kì í dákẹ́. Wọ́n hun ìtẹ́ sí imú ẹ̀rọ náà títí ó fi dí. Ẹ̀rọ ń húkọ́, ó ń gbọ̀n, ìgbà náà ni alágbẹ̀dẹ wá kàn án ní ẹyọ kan. Nígbà tí mo yọ ẹ̀gà kúrò, ìkúùkù nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo tún ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣe díẹ̀ kí ó lè so pọ̀, mo sùn.

Ti ìbejì tó dúró pọ̀ náà, mo rí i nínú ìwé mi. “Àwọn ìbejì wọlé,” ni mo kọ. Kí ni ọmọ Oǹdó ìbá yà?

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ wá ìtàn kan tí mo ti kà tipẹ́, èyí tí DC, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì Amẹ́ríkà kan, fi kọ́kọ́ kó Justice League, ẹgbẹ́ àwọn áktọ̀ wọn, jọ ní 1960, nínú The Brave and the Bold nọ́ńbà 28. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́ kí áktọ̀ máa tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Irọ́ ni. Bọ́sì wọn ni Starro, ẹja oníràwọ̀ ńlá kan láti ojú ọ̀run. Ẹja kan ló ta Aquaman, áktọ̀ inú omi, lólobó. Lẹ́yìn náà, Gardner Fox tó kọ ọ́ tú wọn ká: Green Lantern lọ bá ọ̀kan nínú ọmọ ogun Starro jà, Wonder Woman àti Martian Manhunter lọ bá òmíràn, Flash lọ síbòmíràn. Superman àti Batman, àwọn méjì tí ọjà mọ̀ jù nínú gbogbo wọn, wọ́n kàn yọjú ni. Ohun tó sì wá ká Starro ni ẹfun tí wọ́n ń dà sí koríko àgbàlá. Ọmọkùnrin kan tí kò lágbára kankan, Snapper Carr, ló ń da ẹfun náà sí àgbàlá ilé wọn nígbà tí agbára bọ́sì kọjá lórí ìlú, kò sì ràn án. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ojútùú rẹ̀.

Èmi ní tèmi kó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ tó fẹ́ràn ọlọ́kadà á bínú bí kò bá rí i. Ó rí i. Ó rí i tó dúró.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó ní ọjọ́ Sátidé kan. Pátákó onírun ni mo bá ọmọ náà níbi tó ti ń kùn. Mo tọrọ àforíjì, ojú sì ń tì í jù mí lọ; ó ń sọ pé kò tọ́pẹ́, kò tọ́pẹ́. Mo na ojú ewé mẹ́rin tí mo gé sí i. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nídìí ṣòkòtò, ó dúró kà á. Nígbà tó dé ibi ẹ̀gà, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní èyí lọ́wọ́, ẹ wá fún mi ní ìkúùkù.”

Kó tó di ọjọ́ kẹrin, ó ti ya gbogbo rẹ̀ ní dúdú àti funfun, kò gbowó. Ẹ̀gà ló kún ojú ewé méjì láàárín. Ìgbà tó fi ránṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n wò ó, tó wo ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì rẹ̀, tó sì wò mí. Ìdajì bébà A4 ni ìwé wa tóbi mọ. Ojú ewé mẹ́rin jẹ́ bébà A4 kan ṣoṣo, tẹ̀ ẹ́ lójú méjèèjì, ká a sí méjì, tì í sáàárín. Lẹ́yìn ojú ewé 10 ni yóò bọ́ sí, kì í ṣe lẹ́yìn 12, ṣùgbọ́n wọ́n kàn dúró wo ẹ̀rọ ni lójú ewé méjì yẹn. Ẹ̀rọ tó lè ṣe é ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà láti oṣù Kejìlá, a sì máa ń jókòó tì í ṣèpàdé. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àbúrò ayàwòrán ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

A tú sitẹ́púlà èyí tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi bébà kún un, a tún un kàn. Ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta, èékánná ẹ̀gbọ́n kan sì ya. A kọ ọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù pé ẹni tó bá ti ra ti tẹ́lẹ̀ lè wá gba bébà tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ dá tirẹ̀ padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n fún un ní odindi kan, ó ní kò ní san nǹkan kan. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀, ó kà á. Nígbà tó dé ibi ẹ̀gà, ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ṣí i lọ, ó dé ojú ewé 15, ó gbé ojú sókè.

“Bọ̀dá, wọ́n ṣì dúró pọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Ó wá abẹ́ káńtà, ó mú ìgò ẹfun tí wọ́n fi ń pa àṣìṣe rẹ́ lórí bébà, ó gbé e fún un.

Ọmọ náà ṣí ìgò, ó na búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sókè àwòrán náà, ó wá dúró.

“Táíwò ni kí n pa rẹ́ ni, àbí Kẹ́hìndé?”